Ọ̀gá Tó Ní Kí Nọ́ńbà Kékeré Sọ̀kalẹ̀

Ẹ bá mi wo ọkùnrin yìí dáadáa kó tó wọlé, nítorí bó bá ti wọlé tán, kò ní jẹ́ kí ẹ ráyè wo nǹkan mìíràn mọ́. Òun ni ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ tó ń ṣètò ìdánwò fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́ agbègbè náà. Ọ̀gá Gàgàrà ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn. Lójú rẹ̀, wọn kì í pè é ní orúkọ kankan, oyè ni wọ́n ń kà. Oyè náà gùn débi pé lọ́jọ́ kan tí akọ̀wé kan bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, Ọ̀gá ti wọlé, ó ti jókòó, ó ti mu omi, kí akọ̀wé tó kà á dé ìdajì.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mọ́tò rẹ̀ máa ń dúró níwájú ilé iṣẹ́. Kó tó gbé ẹsẹ̀ lélẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á ti tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́. Igbákejì rẹ̀ á sáré gba báàgì, á sáré gba awò ojú, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba èémí tí Ọ̀gá ń mí. Igbákejì yìí ni wọ́n ń pè ní Bẹ́ẹ̀ni-Sà, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ló ń sọ jù láti àárọ̀ dalẹ́. Ó mọṣẹ́ o. Bí Ọ̀gá bá fẹ́ ṣàwàdà, òun á ti rẹ́rìn-ín tán kí àwàdà náà tó jáde, kó lè ráyè rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kejì.

"Ẹ káàárọ̀ sà! Ẹ̀yin lẹ dé tí ilẹ̀ fi mọ́," ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà máa ń wí.

"Mo mọ̀," ni Ọ̀gá máa ń dáhùn.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà gbà á gbọ́ tọkàntọkàn ni.

Kò sí ohun tó kéré jù fún Ọ̀gá láti ṣòfin lé lórí. Ó ṣe ìpàdé wákàtí mẹ́ta lórí bó ṣe yẹ kí èèyàn máa ti ilẹ̀kùn, èrò sì pọ̀ nínú yàrá lọ́jọ́ náà débi pé ilẹ̀kùn kò ṣeé tì. Ó tún ṣòfin pé fáìlì ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ nípọn ju tòun lọ. Làwọn òṣìṣẹ́ bá ń yọ ìwé kúrò nínú tiwọn, wọ́n ń kó o sínú ti Ọ̀gá, títí káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ ẹnìkan fi bá wọn wọ ibẹ̀. Ọ̀gá rí káàdì náà, ó sì buwọ́ lù ú.

Nínú yàrá kékeré kan lápá ẹ̀yìn, níbi tí fèrèsé kan ṣoṣo wà, ni obìnrin kan ti ń tẹ ìwé ìdánwò sórí kọ̀ǹpútà. Àǹtí Atẹ̀wé ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ọdún mẹ́fà ló ti fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bí òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀, ẹni tí wọ́n lè sọ fún lónìí pé kó má wá lọ́la. Lọ́dún yìí, ìwé tí yóò sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ gidi ti dé orí tábìlì Ọ̀gá, ìbuwọ́lùwé nìkan ló kù. Ìwé yẹn ni obìnrin náà ń rò bó bá jí, òun náà ló ń rò bó bá fẹ́ sùn. Ẹ̀yin náà, ẹ bá mi fi í sọ́kàn.

Nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, ìdánwò ìṣirò ló le jù, òun ló sì fẹ́ràn jù. Ọ̀rọ̀ lásán rọrùn láti tẹ̀, ńṣe ló ń tò lọ lójú ìlà. Ìṣirò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà kan á kéré, á jókòó sí èjìká òmíràn. Òmíràn á wà lókè ìlà, èkejì rẹ̀ á wà nísàlẹ̀. Àǹtí Atẹ̀wé á tẹ bọ́tìnì méjì pọ̀, àpótí kékeré kan á ṣí lójú ìwé, á tẹ márùn-ún sínú rẹ̀, á tẹ méjì tíńtín sí èjìká márùn-ún náà, á sì fi ọfà jáde. Ohun tó máa wà lójú ìwé ni 5², ìyẹn márùn-ún lọ́nà márùn-ún, tó jẹ́ márùndínlọ́gbọ̀n. Á fa àga sẹ́yìn díẹ̀, á máa wò ó bí ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dirun ọmọ tán.

Bó ṣe ń wò ó lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni Ọ̀gá Gàgàrà wọlé, Bẹ́ẹ̀ni-Sà sì ń gbé awò ojú bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀gá tẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà. Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

"Kí nìyẹn?"

"Ìdánwò ìṣirò ni sà. Olùkọ́ Ìṣirò ló kọ ìbéèrè wá, èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́."

"Mi ò bi ọ́ ní ìyẹn. Èyí tíńtín yìí ni mò ń bi ọ́. Kí ló ń wá lókè?"

"Méjì ni sà. Ipò rẹ̀ nìyẹn."

"Ipò!" Ọ̀gá yí padà sí Bẹ́ẹ̀ni-Sà bí ẹni tí wọ́n bú ní gbangba. "Ṣé o gbọ́? Nínú ilé iṣẹ́ tí èmi fúnra mi ń darí! Nọ́ńbà tí kò tó ọmọ ìka gun èjìká àgbà, ó jókòó, ó ń mi ẹsẹ̀, wọ́n sì ń sọ fún mi pé ipò rẹ̀ nìyẹn! Ogún ọdún gbáko ni mo fi ṣiṣẹ́ kí n tó dé ibi tí mo wà. Ta ló fún èyí ní ìgbéga? Lẹ́tà rẹ̀ dà?"

"Bẹ́ẹ̀ni sà, lẹ́tà rẹ̀ dà?" ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wo abẹ́ tábìlì, bóyá lẹ́tà náà jábọ́ síbẹ̀.

"Àwọn wọ̀nyí ńkọ́? Ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, o fi igi dábùú wọn láàárín. Ṣé wọ́n jà ni?"

"Ìdá ni sà. Mẹ́ta nínú mẹ́rin."

"Parí ìjà fún wọn. Yọ igi yẹn kúrò, kí wọ́n jókòó pọ̀ ní ìrẹ́pọ̀. Láti òní lọ, gbogbo nọ́ńbà inú ìwé wa gbọ́dọ̀ tóbi bákan náà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dúró lójú ìlà kan. Kí wọ́n sọ èyí tíńtín yẹn kalẹ̀ kíákíá."

Àǹtí Atẹ̀wé dìde. "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ á yí padà o."

"Kí ìtumọ̀ wá bá àṣẹ níbi tí àṣẹ wà," ni Ọ̀gá wí. Ó rọra rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìwé rẹ kan wà lórí tábìlì mi, àbí? Ọwọ́ mi máa ń yá láti buwọ́ lùwé ẹni tó bá gbọ́ràn."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àǹtí Atẹ̀wé ro gbogbo rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Télọ̀ ni ọkọ rẹ̀, yàrá iwájú ilé wọn ló ń lò fún iṣẹ́, ó sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láìgbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Ìyá àwọn ọmọ, ohun tí wọ́n bá ní kí o tẹ̀ ni kí o tẹ̀," ló wí. "Oníbàárà mi kan ní kí n rán àpò sí ẹ̀yìn ẹ̀wù òun. Mo rán an. Ó padà wá bú mi pé ọwọ́ òun kò dé àpò. Ṣé èmi ni mo ni ọwọ́ ni?"

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ̀wù ṣeé tú. Àwọn ọmọ tó fẹ́ kọ ìdánwò ńkọ́? Ẹni tó bá yege nìkan ló ń wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Ọkùnrin náà fi eyín já òwú kan.

"Ọdún mẹ́fà nìyí," ló wí nígbà tó yá. "Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ buwọ́ lù ú ná."

Kò ní ibi lọ́kàn, ìfẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló mú un sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, Àǹtí Atẹ̀wé fi ìdánwò tó tọ̀nà pamọ́ sínú fáìlì kan lọ́tọ̀, ó ṣí òmíràn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àwọn nọ́ńbà kékeré kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tẹ ìwé tí àwọn olùkọ́ yóò fi máa ṣe máàkì náà bẹ́ẹ̀, kí ìdáhùn lè bá ìbéèrè mu. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ rárá. Ojú ń tì í, kò sì sí ẹlòmíràn nínú yàrá náà.

Ẹ wá wo ayẹyẹ o! Ọ̀gá kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ láti fi ìwé ìdánwò tuntun náà lọ́lẹ̀. Wọ́n fi aṣọ bo ẹyọ ìwé kan lórí tábìlì. Ọ̀gá ká a kúrò, ó wúkọ́ díẹ̀.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi! Láti ìgbà tí aráyé ti ń ṣírò ni nọ́ńbà ti ń ṣe rúdurùdu. Èyí wà lókè, èyí wà nísàlẹ̀, èyí ń gun èyí. Àwọn ọ̀mọ̀wé rí i, wọ́n dákẹ́. Àwọn ọ̀gá tó ṣáájú mi rí i, wọ́n sùn. Èmi rí i, n kò sùn! Mo wo nọ́ńbà lójú, mo ní, 'Ẹ tò!' Wọ́n sì tò!"

Bẹ́ẹ̀ni-Sà pàtẹ́wọ́ títí aago ọwọ́ rẹ̀ fi já bọ́. Ó fi ẹsẹ̀ tì í sábẹ́ àga, kó má bàa dá àtẹ́wọ́ dúró.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ọmọ ló jókòó kọ ọ́. Ìbéèrè kìíní ní kí wọ́n ṣírò 5², àmọ́ ohun tí wọ́n bá lójú ìwé ni: "Ẹ ṣírò 52." Àwọn ọmọ ń wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Mo ti ṣírò ó. 52 ni." Máàkì rẹ̀ pé, nítorí ohun tó wà nínú ìwé máàkì nìyẹn. Ìbéèrè kejì sọ pé bàbá kan ní ìwé méjìlá, ó sì fún ọmọ rẹ̀ ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn. Lẹ́yìn tí Ọ̀gá ti parí ìjà fún mẹ́ta àti mẹ́rin, ó di pé bàbá náà fún ọmọ rẹ̀ ní 34 nínú ìwé méjìlá. Ọmọbìnrin kan tí àánú bàbá náà ṣe kọ ọ́ pé kí ó lọ yá méjìlélógún lọ́wọ́ aládùúgbò.

Ìbéèrè kẹta ni baba wọn. Olùkọ́ Ìṣirò kọ ọ́ pé oòrùn jìnnà sí wa ní kìlómítà 15 × 10⁷, ìyẹn àádọ́jọ mílíọ̀nù. Méje tó wà lókè sọ̀kalẹ̀ bí Ọ̀gá ṣe wí, ó di 15 × 107. Ẹ bá mi ṣírò ó. Kìlómítà ẹgbẹ̀jọ ó lé márùn-ún péré ni. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó bá tètè jí á dé inú oòrùn láàárín ọjọ́ méjì.

Olùkọ́ Ìṣirò, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í gbóhùn sókè, ló já wọ ọ́fíìsì Ọ̀gá nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe máàkì, ìwé ìdánwò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Sà, ta ló ba ìbéèrè mi jẹ́? Àwọn ọmọ tó mọ̀wé ló ń gba òdo! Ẹ wo oòrùn! Ẹ ti gbé oòrùn wá sí ẹ̀yìnkùlé wa!"

Ẹni tó bá nítìjú á sinmi níbẹ̀. Ọ̀gá fara ti àga rẹ̀.

"Olùkọ́, mo dúpẹ́ pé ìwọ náà rí i. Nínú gbogbo ọ̀gá tó ti wà níbí, ta ló mú oòrùn sún mọ́ ará ìlú rí?"

"Bẹ́ẹ̀ni sà," ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí, ó ń fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀. "Ooru tiẹ̀ ti ń mú mi láti àárọ̀."

Olùkọ́ Ìṣirò wo àwọn méjèèjì. Ó ká ìwé rẹ̀, ó jáde, ó sì gba ilé Màmá Alága lọ tààrà. Màmá Alága ni olórí ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ilé iṣẹ́ náà. Obìnrin àgbàlagbà ni, ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò kó tó fẹ̀yìn tì, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ débi pé ènìyàn gbọ́dọ̀ dákẹ́ kó tó gbọ́ ọ. Kí ọjọ́ tó lọ, ìwé ti dé: kí Ọ̀gá, igbákejì rẹ̀ àti atẹ̀wé wá jẹ́jọ́ níwájú ìgbìmọ̀.

Ìgbà yìí ni Ọ̀gá Gàgàrà kọ́kọ́ lóye pé nǹkan ti bàjẹ́. Kò wí fún ara rẹ̀ pé òun ṣe àṣìṣe o, ìyẹn kò tiẹ̀ sí nínú àwọn ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tó wí fún ara rẹ̀ ni pé ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ ṣe é. Ó ránṣẹ́ pe Àǹtí Atẹ̀wé. Ìwé obìnrin náà wà níwájú rẹ̀, ó sì ń fi bírò ṣeré lórí rẹ̀.

"O máa sọ fún wọn pé ọwọ́ rẹ ló ṣì. Àṣìṣe ọwọ́ lásán. Màá bá ọ bẹ̀ wọ́n. Bí o bá sọ nǹkan mìíràn, wàá gbàgbé ìwé yìí."

Àǹtí Atẹ̀wé wo ìwé náà. Ó nu omijé ojú rẹ̀, ó sì jáde.

Yàrá ìgbìmọ̀ tutù, tábìlì rẹ̀ gùn. Màmá Alága na ìwé ìdánwò náà sí Àǹtí Atẹ̀wé.

"Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo tẹ èyí?"

"Èmi ni mà."

"Ṣé o mọ̀ pé kò tọ̀nà?"

"Mo mọ̀ mà. Mo mọ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́, nítorí mò ń wá iṣẹ́ mi. Àmọ́ kì í ṣe ọwọ́ mi ló ṣì. Wọ́n pàṣẹ fún mi ni."

"Irọ́!" ni Ọ̀gá ké. "Òun nìkan ló dá a rò, òun nìkan ló dá a ṣe!"

"Bẹ́ẹ̀ni sà, irọ́ ni," ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí.

Ẹni méjì dojú kọ ẹnì kan. Olùkọ́ Ìṣirò tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri mi orí, nítorí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n pàṣẹ. Màmá Alága wo Ọ̀gá. Obìnrin yìí ti kọ́ ọmọ tó pọ̀, ó sì mọ èyí tó ń fẹ́ kí wọ́n yin òun lójú ẹgbẹ́.

"Ó dáa," ló wí. "Bó bá jẹ́ pé òun nìkan ló dá a rò, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ wo bí ìwé yìí ṣe dára lójú. Gbogbo nọ́ńbà ló tò. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ni, n kò rí irú èyí. Ọpọlọ tó ronú kan èyí kì í ṣe ọpọlọ kékeré. Ó yẹ kí a gbé àwòrán atẹ̀wé yìí kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́, kí a sì yọ ti Ọ̀gá tó wà níbẹ̀."

Ọ̀gá Gàgàrà yí ara padà lórí àga. Òógùn bò ó. Ó di ẹnu, ẹnu kò ṣeé dì.

"Àwòrán ta ni?"

"Ti atẹ̀wé ni sà. Ẹ̀yin lẹ sọ pé òun ló rò ó."

"Atẹ̀wé!" Ọ̀gá ti dìde. "Ẹni tí kò mọ̀ ju bọ́tìnì lọ! Ṣé irú èyí ló máa ronú kan irú ìyẹn? Èmi ni! Èmi ni mo wọ yàrá rẹ̀, èmi ni mo rí nọ́ńbà kékeré tó ń gun àgbà, èmi ni mo ní kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀! Obìnrin yìí tiẹ̀ ń bẹ̀ mí pé kí n má ṣe é! Bẹ́ẹ̀ni-Sà, sọ fún wọn!"

"Bẹ́ẹ̀ni sà! Ọ̀gá nìkan ni! Mo wà níbẹ̀!"

Màmá Alága fa ìwé kan mọ́ra.

"Ẹ ṣeun sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ díẹ̀díẹ̀, kí akọ̀wé lè kọ ọ́ sílẹ̀."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ó tún un sọ! Ó rọra ń sọ ọ́, ó tún ń dúró kí akọ̀wé lè kọ oyè òun pé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n gbé e lọ sí ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Òun nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò pàtẹ́wọ́. Mo gbọ́ pé ó ti to àwọn àga náà sójú ìlà kan, àti pé ó ń bá wọn ṣèpàdé. Ní ti Àǹtí Atẹ̀wé, Màmá Alága bá a wí.

"Ìwọ náà, o mọ̀, o sì jẹ́ kí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ọmọ jókòó kọ ìdánwò yẹn. Wọn yóò tún un kọ. Èyí tó tọ̀nà dà?"

"Ó wà nílẹ̀ mà. Mo fi í pamọ́. Ẹ forí jì mí."

Màmá Alága wò ó títí, ó fa ìwé obìnrin náà yọ láàárín àwọn ìwé Ọ̀gá, ó sì buwọ́ lù ú. Nígbà tí télọ̀ gbọ́ nírọ̀lẹ́, ó gbé ìyàwó rẹ̀ sókè, téèpù tó fi ń wọn aṣọ sì wà lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀.

Àmọ́ ilé iṣẹ́ kì í wà láìní ọ̀gá. Ta ni ẹ rò pé wọ́n fi sí àga náà fún ìgbà díẹ̀? Bẹ́ẹ̀ni-Sà ni! Lọ́jọ́ Ajé, mọ́tò dúró, òṣìṣẹ́ tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì gba àárín wọn kọjá pẹ̀lú awò ojú tí kò nílò. Yàrá Àǹtí Atẹ̀wé ló kọ́kọ́ yà sí. Obìnrin náà ń parí ìdánwò ìṣirò tí àwọn ọmọ yóò tún kọ, √9 sì wà lójú ìwé. Bẹ́ẹ̀ni-Sà tẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́ bíi ti ọ̀gá tó ti ń wò láti ọjọ́ pípẹ́.

"Kí ni òrùlé tí o fi bo mẹ́sàn-án yìí? Àwọn yòókù wà níta, òun nìkan wà lábẹ́ òrùlé. Ojúsàájú nìyẹn. Yọ ọ́."

Àǹtí Atẹ̀wé gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ọmọ ló wà lọ́kàn rẹ̀.

"Rárá, sà."

Irú ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì jáde nínú ilé iṣẹ́ náà rí. Bẹ́ẹ̀ni-Sà wẹ̀yìn wò, kó lè rí ẹni tí yóò bá a bínú. Kò sí ẹnì kankan.

"Ẹ jókòó sà," ni obìnrin náà wí, ó fa àga sún mọ́ ọn. "Nọ́ńbà wo ni a máa fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀, tó máa fún wa ní mẹ́sàn-án?"

Ọkùnrin náà jókòó. Ó wo ojú Àǹtí Atẹ̀wé láti mọ èyí tó fẹ́ gbọ́. Àǹtí Atẹ̀wé kò jẹ́ kó rí nǹkan kan lójú òun. Ọkùnrin náà wo ilẹ̀kùn, ó wo òkè àjà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí kò sí ibòmíràn tí yóò wò.

"Mẹ́ta?" ló wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ bíi ti ọmọ tí ẹ̀rù ń bà.

"Mẹ́ta ni sà," ni Àǹtí Atẹ̀wé wí. "Ẹ̀yin lẹ rò ó fúnra yín."